Ọjọ́ Tí Wọ́n Pa Ìyá Oníbodè

Mo rántí ìgbà tí ara mi kì í gba ìjókòó. Mo ti jáde yunifásítì, ìwé tí wọ́n fi ń pe àwọn àgùnbánirọ̀ kò tíì kàn mí, mo sì ń bá ìyá mi ta òwú, bọ́tìnì, síìpù àti láínìn ní ṣọ́ọ̀bù wa ní òpópónà Niger, ní Sabon Gari, Kánò. Bí oníbàárà bá ní kí n wọn láínìn fún òun, ọwọ́ mi á wà lára aṣọ, ojú mi á wà lára fóònù. Bí kò bá sí oníbàárà, mo lè dìde, kí n jókòó, kí n tún dìde, kí n jáde lọ wo títì bí ẹni tí ó ń retí àlejò láti ọ̀nà jíjìn. Ìyá mi á wò mí láti orí àpótí rẹ̀, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èèrà wà lórí àga yẹn ni?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mò ń dúró dè, èyí sì ń dà mí láàmú ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí ó lè mú mi jókòó ni ìwé. Kì í ṣe gbogbo ìwé o. Ìwé kan ni, tí ó wà ní ìdìpọ̀ mẹ́rin, ìtàn àròsọ tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, nípa ìlú kan tí odi yí ká, tí ó ní ẹnubodè méje, tí àwọn alààyè àti àwọn òkú jọ ń ná ọjà kan náà nínú rẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti ra ìdìpọ̀ kìíní nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama. Kò ní èèpo, ojú ewé tó ṣáájú ti ya lọ, n kò sì mọ bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ títí mo fi wọ yunifásítì. Ní ẹnubodè ìkẹyìn, obìnrin arúgbó kan wà tí a ń pè ní Ìyá Oníbodè. Kò ní idà, kò mọ oògùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé, á fa àpótí fún un, á bu omi fún un mu, á wá bi í pé, "Ta ni o fi sílẹ̀ nílé?" Ẹni tí kò bá lè dáhùn kò ní kọjá. Àwọn jagunjagun wà nínú ìwé náà, àwọn ọmọ ọba arẹwà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń kú lé lórí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n arúgbó yìí ni tèmi.

Bóyá nítorí pé mo ní ìyá àgbà, n kò sì ní in ni. Ìyá ìyá mi wà láàyè nílé, ní ìlú wa tí kò jìnnà sí Ọ̀fà, ṣùgbọ́n òun àti ìyá mi kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, mo ṣì kéré. Ìyá àgbà wá sí Kánò fún ìsìnkú, ó sì ní kí ìyá mi di ẹrù rẹ̀ kí a máa lọ sílé. Ìyá mi ní òun kò lọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù òun wà níhìn-ín, ibojì ọkọ òun wà níhìn-ín, ilé ìwé ọmọ òun wà níhìn-ín. Inú bí ìyá àgbà. Lójú gbogbo ẹbí ọkọ, ó ní, "Kánò ni mo bímọ fún. N kò ní ọmọ níbẹ̀ mọ́." Ìyá mi náà, tí orí kunkun rẹ̀ kò ti ibòmíràn wá, dáhùn pé, "Ẹ ti gbọ́ o. Wọ́n ní àwọn kọ́ ni wọ́n bí mi."

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnìkan kò pe ẹnìkejì. Ìyá mi a máa fi aṣọ àti oògùn ẹsẹ̀ rán àwọn tí ń lọ sílé. Ìyá àgbà a máa wọ aṣọ náà, a máa lo oògùn náà, kì í sì í bèèrè ẹni tí ó fi wọ́n ránṣẹ́. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù ìyá mi. Mo ti rí i rí tí ó ṣí i, tí ó wò ó títí, tí ó sì gbé fóònù náà dojú bolẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń sọ: "Àwọn ni àgbà. Kí wọ́n pè mí." Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ìyá àgbà ń darúgbó sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ikú ni yóò bá wọn parí ìjà náà. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé mi ni mo ń kà.

Èmi nìkan kọ́ ni ìwé náà gbé lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni àwa tí a ń kà á rí ara wa, a sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, nítorí Yorùbá mẹ́ta kò lè pàdé ní Sabon Gari kí wọ́n má yan akápò. A rò pé ohun tuntun ni à ń ṣe. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àwọn bàbá wa gan-an ni a tún dá, àṣejù nìkan ni a fi lé e. A ní ààrẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún fóònù ṣe, tí ó máa ń wọ kóòtù wá sí ìpàdé nínú ooru Kánò. Onígbàgbọ́ ni ó ń fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, Mùsùlùmí á fi àdúrà parí. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé á san owó ìtanràn. Àwọn ọmọ Íbò wà láàrin wa, àwọn ọmọ Haúsá wà, àwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kánò sì wà, tí a máa ń fi Haúsá jiyàn, tí a ń fi pidgin bú ara wa, tí a ń fi Yorùbá tọrọ gáfárà. Ìdìpọ̀ kẹrin tí ẹnìkan ṣoṣo ní ni gbogbo wa pín kà, títí ó fi di ohun tí a ń fi rọ́bà so.

Nígbà tí ìròyìn dé pé ilé iṣẹ́ kan lókè òkun fẹ́ fi ìwé wa ṣe eré àtìgbàdégbà fún tẹlifíṣọ̀n, ayọ̀ wa kò ju ọjọ́ méjì lọ. Wọ́n gbé àwòrán àwọn òṣèré jáde, ìjà sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ṣe Ìyá Oníbodè, ojú rẹ̀ ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí. Mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù wa lórí fóònù pé obìnrin yìí kò tíì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Ọmọbìnrin Íbò kan tí ó ń ta bàtà kọ ọ́ pé, "Dem don spoil am before e start." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Haúsá bẹ̀ wá pé, "Ku yi haƙuri, mu gani tukuna," pé kí a mú sùúrù kí a kọ́kọ́ rí i ná. Ta ni ó ní sùúrù? Ààrẹ wa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù, èyí tí ó kúrú jù nínú wọn gùn tó ìwàásù. Èmi ń fi ọwọ́ kan wọn láínìn, mo ń fi èkejì bú àwọn tí n kò mọ̀ rí, tí wọ́n wà ní ìlú tí n kò dé rí.

"Ta ni ò ń bá jà?" ni ìyá mi bi mí.

"Wọ́n fẹ́ ba Ìyá Oníbodè jẹ́ ni, mà."

"Ṣé oníbàárà wa ni?"

Mo ṣàlàyé fún un. Kí n tó dé ìdajì, ó ti gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí n má dárúkọ obìnrin náà létí òun mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti bá a sọ ọ̀rọ̀ eré náà mọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni apá tuntun máa ń jáde, ilé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Zoo Road ni a sì ti ń wò ó, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní sólà tí kì í kú. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: eré náà dára. Nígbà tí obìnrin olójú dídán yẹn fa àpótí, tí ó bu omi, tí ó sì béèrè ìbéèrè rẹ̀, gbogbo wa dákẹ́. Èmi tí mo ti bú u fún odindi oṣù kan, omi ti lé sí mi lójú. Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo ti ń gbèjà rẹ̀ lórí fóònù.

Ní apá kẹta, wọ́n pa á. Ìbẹ̀rẹ̀ eré ni, a kò tíì pín ẹ̀pà kárí. Ọmọ ogun kan fẹ́ wọlé, ó bi í ní ìbéèrè, ọmọ ogun náà sì tì í. Ó ṣubú ní ẹnu ọ̀nà, kò sì dìde mọ́. Eré ń bá tirẹ̀ lọ. Nínú ìwé, arúgbó yìí ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ẹnubodè ní ojú ewé tí ó kẹ́yìn. Nínú eré, kò sí ẹni tí ó dágbére fún un. A wò ó tán láìsọ̀rọ̀, nítorí a rò pé yóò jí. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Wallahi sun cuce mu," ni ọmọbìnrin Haúsá tí ó ń bẹ̀ wá ní sùúrù wí, pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Ọmọ Íbò oníbàtà gbàgbé bàtà tirẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán jáde. Ààrẹ wa bọ́ kóòtù rẹ̀, ohun tí a kò rí i kí ó ṣe rí, ó sì fi nu ojú.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ," ni ó wí. "We go mourn am proper."

Bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń ṣe é ni ó ṣe é. Ó ní ọ̀fọ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á gbé àwòrán àbẹ́là sí sítátọ́ọ̀sì fóònù wọn, kí olúkúlùkù fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ aṣọ aláràbarà wá sí ìpàdé ọjọ́ Àìkú. A fọwọ́ sí i. Ó ń yà mí lẹ́nu lónìí pé kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó rẹ́rìn-ín.

Inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti kọ tèmi, bí a ti ń bọ̀ láti Zoo Road: "Ìyá, sùn ire. Wọn kò jẹ́ kí a dágbére." Bí mo ti kọ ọ́ tán ni ẹkún gbé mi. N kò lè sọ pé arúgbó inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni mò ń sunkún fún, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń wa kẹ̀kẹ́ náà gbọ́ mi, ó yíjú padà. "Hajiya, lafiya dai?" Ó ń bi mí pé ṣé àlàáfíà ni. Kí ni kí n sọ fún un? Ṣé kí n ṣàlàyé ẹnubodè méje fún un ni? Mo ní, "Rasuwa aka yi mana," pé ènìyàn wa kan kú ni. Ó ṣe àdúrà fún òkú náà, ó sì rọra ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí a fi dé. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó ké sí ìyá aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun rẹ ọmọ yìí lẹ́kún, wọ́n ṣòfò ni.

Ọmọ ìlú wa ni ìyá aránṣọ. Ó mọ ìyá àgbà láti kékeré, ó sì ti rí àbẹ́là mi àti ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀ kí n tó dé. Ó fà mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìgbà wo lo gbọ́?"

"Ọ̀sán yìí ni, mà."

"Ṣé wọ́n ti ń ṣàìsàn ni?"

"Rárá o, mà. Wọ́n kàn ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ni."

"Áà." Ó jókòó. "Ẹnu ọ̀nà. Màmá ẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti mọ̀?"

"Wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ rárá, mà. Wọ́n ní kí n má dárúkọ wọn létí àwọn mọ́."

Ni ìyá aránṣọ bá bú sẹ́kún. Ó ní kí n lọ bọ́jú, kí n má sọ nǹkan kan fún ìyá mi, pé àwọn àgbà ló ń sọ irú èyí. Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá ta mí jí. Ṣùgbọ́n mo gbà pé òun náà ń wo eré náà ni, inú mi tilẹ̀ dùn pé a rí àgbàlagbà kan tí ó lóye wa. Mo lọ bọ́jú, mo sì lọ sùn.

Ẹni tí kò bá gbé láàrin wa lè máa bèèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò bi ìyá mi. A kì í já ikú ìyá lu ọmọ rẹ̀ lójijì ni. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ á pa á mọ́, á lọ sọ fún àwọn àgbà ìlú. Àwọn àgbà á kó ara wọn jọ, wọ́n á wá jókòó ti ọmọ náà, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọjà, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, nígbà tí ó bá yá, wọ́n á wá túfọ̀. Kí wọ́n tó dé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bi ọmọ olóòkú ní nǹkan kan, kí ara má baà fu ú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè kan ṣoṣo lè pa ń rìn káàkiri Sabon Gari láti Sátidé di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kò sì sí ẹni tí ó béèrè.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin ń di ọwọ́ ìyá mi mú, wọn kò tètè ń fi í sílẹ̀. Ẹnìkan gbé tuwo àti ọbẹ̀ taushe wá sílé wa láìjẹ́ pé ọdún ni. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí fura, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ìfura rẹ̀ lọ. "Kí ló ń ṣe gbogbo wọn?" ni ó bi mí. "Ṣé onílé fẹ́ lé wa ni?" Lẹ́yìn náà ni ó wo aṣọ dúdú tí mo wọ̀. Mo ní ti ẹgbẹ́ wa ni. Ó mi orí, kò bi mí síwájú sí i, èmi náà sì gba ọ̀nà ìpàdé lọ.

Iyàn ni a jà ní ìpàdé títí ohùn fi há. Àwọn kan ní kí a má wo eré náà mọ́ láéláé. Àwọn kan ní bí a kò bá wò ó, báwo ni a ó ṣe mọ ohun tí a ó máa bú? Nígbà tí mo padà dé ilé, bàtà kún ẹnu ọ̀nà wa. Bàtà àwọn àgbà ni, wọ́n kọjú sí ara wọn.

Alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni ó jókòó sí àárín. Mùsùlùmí ni, bàbá arúgbó tí ó ń ta bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n bí sí Kánò, tí ohùn rẹ̀ sì tutù. Àwọn àgbà mẹ́rin wà pẹ̀lú rẹ̀, ìyá aránṣọ àti àwọn obìnrin jókòó ti ìyá mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan wọlé ni mo gbọ́ tí alága ń sọ pé, "Ọmọ mi, gbogbo wa la dágbádá ikú. Ìyá wa ti re ibi àgbà ń rè."

Ìyá mi kò sunkún. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po, ó tún ṣẹ́ ẹ po, títí ó fi kéré ní ọwọ́ rẹ̀. "Irọ́ ni," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Wọn ò tíì pè mí. Wọ́n máa kọ́kọ́ pè mí." Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójijì ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ohùn ọmọdé. "Ṣebí èmi ni mo kéré? Kí ni mò ń dúró dè? Ẹ bá mi pè wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n kí n bẹ̀ wọ́n." Ó yí lulẹ̀. Àwọn obìnrin dì í mú, ó ń jà mọ́ wọn lọ́wọ́. N kò rí ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí bàbá mi kú.

"Ta ló kú?" ni mo bèèrè.

Alága wò mí tàánútàánú. "Ìwọ lo kọ́kọ́ gbọ́, o sì pa á mọ́. O ṣeun, ọmọ gidi ni ẹ́."

"Kí ni mo gbọ́, sà?"

"Ṣebí ìwọ lo ní wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà," ni ìyá aránṣọ wí.

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Mo ti sọ̀rọ̀ ìtìjú nílé ayé mi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó tó pé kí ènìyàn kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà ìlú, kí ó máa sọ fún wọn pé òkú tí wọ́n wá kí i fún jẹ́ oníbodè ìlú kan tí kò sí láyé.

"Tẹlifíṣọ̀n?" ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Òun lẹ wọ dúdú fún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìyá aránṣọ fi ìborùn bo ojú. Ìyá mi dìde jókòó lórí ilẹ̀, mo sì ń retí ìgbátí. Kò gbé ọwọ́ sókè. "Wọ́n wà láàyè, àbí?" ni ó bi mí. Kí ni mo mọ̀? Mo yíjú sí alága. Bàbá náà rọra mí kanlẹ̀, ó ní òun ti pe ilé láàárọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹni tí ó gbé e, òun sì rò pé ariwo ẹkún ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ojora tún mú gbogbo wa. Nígbà náà ni alága sọ ọ̀rọ̀ kan fún ìyá mi tí n kò ní gbàgbé. Ó ní, "Àwa ò lè gbé ọ̀fọ̀ tí a ti tú padà sílé láìmọ̀ bóyá òótọ́ ni. Àwa kọ́ la máa pè wọ́n. Ìwọ ni."

Ìyá mi na fóònù rẹ̀ sí mi, èmi ni mo bá a tẹ nọ́ńbà náà, tí mo sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Ó dún títí, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ gé. Ẹnìkan gbé e.

"Ta nìyẹn?"

Ohùn tí n kò gbọ́ láti kékeré ni. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé àyà.

"Èmi ni, mà."

A gbọ́ ohùn adìyẹ lọ́hùn-ún, a gbọ́ ohùn ẹni tí ń gún nǹkan.

"Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni, mà," ni ìyá mi dáhùn. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kú."

Ohùn ẹni tí ń gún nǹkan dákẹ́ lọ́hùn-ún.

"O wá gbà á gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́, mà."

"O sunkún?"

Ìyá aránṣọ ni ó na ọrùn síwájú, ó ké sínú fóònù pé, "Ó yílẹ̀ gan-an, Màmá. A ò rí i dì mú."

"Ó dáa," ni ìyá àgbà wí. "Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí pé ṣé o máa sunkún."

Alága dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n fi ìyá mi sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù náà lórí ilẹ̀ tí ó jókòó sí.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyá mi ti wọ mọ́tò lọ sílé. Èmi ni mo dúró ti ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ènìyàn tí ó bá wá ra òwú sì ń pè mí ní ọmọ olóòkú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní kí ẹgbẹ́ wa wá tọrọ gáfárà, ààrẹ wa sì wọ kóòtù rẹ̀, ó gbé obì àti páálí mínírà lọ bá àwọn àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ ti kóòtù ti kóòtù. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi a máa lọ sílé léraléra. Kì í ṣe pé ìjà tán o. Wọ́n ń jà lórí oògùn, wọ́n ń jà lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, wọ́n ń jà lórí fóònù lójoojúmọ́ tí àwọn oníbàárà fi mọ gbogbo rẹ̀. A bẹ ìyá àgbà kí ó wá kí wa ní Kánò, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò lọ sí ìlú tí wọ́n ti pa òun. Èmi ni mo lọ bá a, mo sì rí i pé kò jọ Ìyá Oníbodè rárá: ẹnu rẹ̀ mú, kì í fa àpótí fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidi.

Ọyẹ́ kejì lẹ́yìn ọ̀sán yẹn ni ó kú, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ọwọ́ ìyá mi. Mo ti lọ́kọ báyìí, Zoo Road ni mo ń gbé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, ara mi kò sì tíì gba ìjókòó dáadáa títí di òní. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń dúró dè nígbà náà: kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì pe èkejì ni. Mo rò pé gbogbo wa tí a fi ìbínú kún inú fóònù yẹn, kálukú ni ó ní ẹni tí ó ń bínú lé lórí, tí kò lè pè. A bá àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n jà nítorí pé wọ́n jìnnà.

Láìpẹ́ yìí ni gúrúùpù wa tún gbaná. Wọ́n ní ariwo àwọn tí wọ́n ka ìwé náà ti pọ̀ jù, pé àwọn tí ń ṣe eré náà yóò jí Ìyá Oníbodè dìde nínú àwọn apá tuntun tí ń bọ̀. Ààrẹ wa, tí ó ti di bàbá ọmọ méjì, ń fi ohùn ránṣẹ́ láti àárọ̀. Wọ́n ń bi mí pé kí ló dé tí èmi tí mo fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo yà sí ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó ń to bọ́tìnì sínú páálí, kò gbé ojú sókè.

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó láyé?" ni ó bi mí.

Mo ní n kò mọ̀. Mo ní ó lè jẹ́ apá méjì tàbí mẹ́ta péré, kí ó tó tún kú.

Ó fi bọ́tìnì kan sí àyè rẹ̀.

"Ó tó," ni ó wí. "Bí wọ́n bá lò ó dáadáa, ó tó."